Ohun Tó Wà Nínú Àká Kejì

Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ẹ̀gbọ́n mi ní Kò-sí-wàhálà. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn kan tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ kò mọ èyí tí bàbá wa sọ ọ́. Òun ni fọ́máànù ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ òkúta. Bí bẹ́líìtì bá já, kò sí wàhálà. Bí iná bá lọ lójijì tí òkúta há ẹ̀rọ lọ́fun, kò sí wàhálà. Ẹni tó bá sáré lọ rò fún un yóò ti gbọ́ èsì kó tó la ẹnu.

Òun náà ló tọ́ mi. Nígbà tí àwọn òbí wa kú tẹ̀léra wọn, ọ̀dọ́kùnrin lásán ni, ṣùgbọ́n ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó lọ ń ru òkúta kí n lè rí nǹkan fi sẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè wò ó lójú kí n sọ pé ohun tó ń ṣe kò dáa. Òun ló wá iṣẹ́ fún mi ní ṣẹ́ẹ̀dì tí àwa obìnrin ti ń rán ẹnu àpò. Nígbà tí mo fẹ́ ọkọ tó jẹ́ jórinjórin, òun náà ló mú un wọ ilé-iṣẹ́. Ọkọ mi kì í jókòó kí ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń lọ lọ́nà, ọkọ mi ló máa ń gbé àpò.

Òkúta funfun ni à ń lọ. Kàtàkátà á wà á dà sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ, bẹ́líìtì á gbé e lọ sínú ẹ̀rọ ìlọta, ibẹ̀ ni yóò ti di lẹ́búlẹ́bú tó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ. Atẹ́gùn á fẹ́ ẹ gba inú páìpù lọ sínú àká méjì. Àká la ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n irin ni wọ́n, wọ́n ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, ikùn wọn tóbi, ìsàlẹ̀ wọn sì fún bí ọrùn ìgò. Láti ìsàlẹ̀ yẹn ni lẹ́búlẹ́bú ti ń bọ́ sínú àpò, àwa á rán an lẹ́nu, ọkọ̀ á kó o lọ fún àwọn tó ń ṣe ọ̀dà àti àwọn tó ń ṣe oògùn oníhóró. Bí a bá ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, gbogbo wa á ti funfun láti orí dé ìpéǹpéjú. Ọmọ mi obìnrin máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Mọ́mì, ẹ tún ti darúgbó.”

Ọdún tí mò ń wí yìí, òjò pọ̀, ilé-iṣẹ́ sì gba iṣẹ́ tó ju agbára ẹ̀rọ lọ. Máníjà ò fẹ́ kí nǹkan kan dúró. Ìpalára bẹ̀rẹ̀ sí í dé díẹ̀díẹ̀, bí eyín ṣe máa ń ta èèyàn kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún obìnrin tó jókòó tì mí ní ìka, ó wọ egungun. Awakọ̀ kàtàkátà yọ̀ nínú ẹrẹ̀ funfun, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. A kí wọn pẹ̀lẹ́, a padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni bẹ́líìtì mú Bàbá Onígbàálẹ̀.

Bàbá yìí ló dàgbà jù láàárín wa. Irin kan wà tó yẹ kó bo ibi tí bẹ́líìtì ti ń yí, kí ọwọ́ èèyàn má baà dé ibẹ̀. Wọ́n ti tú u kúrò kí wọ́n lè máa gbálẹ̀ láìdá ẹ̀rọ dúró, ẹnikẹ́ni ò sì dá a padà. Bẹ́líìtì fa apá ẹ̀wù bàbá, ó sì fa apá tẹ̀lé e. Mo gbọ́ ìró kan láti ṣẹ́ẹ̀dì wa, mo rò pé irin kan ló ṣẹ́. Egungun ni.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ọsibítù dé, mo bá a níbi tó ti ń fọ ọwọ́. Omi tó ń ṣàn lọ́wọ́ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì funfun díẹ̀.

“Ṣé wọ́n máa gé apá náà ni?”

“Wọ́n ní àwọn á gbìyànjú.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, irin yẹn ńkọ́?”

“A máa dá a padà. Kò sí wàhálà.”

Kò wojú mi nígbà tó sọ ọ́. Wọ́n gé apá náà. Irin ọ̀hún kò kúrò níbi tí wọ́n fi í ti ògiri sí.

Bí òjò ṣe ń rọ̀, lẹ́búlẹ́bú kì í gbẹ dáadáa, àká kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí. A ó dúró lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpò òfìfo, nǹkan kan ò ní bọ́, bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé ó kún lókè. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́búlẹ́bú á dì mọ́ ògiri, á ṣe bí àjà sí àárín àká, ihò á sì wà lábẹ́ àjà náà tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó. Wọ́n á ní kí ọkùnrin kan so okùn mọ́ ìbàdí, kó gba òkè wọlé, kó máa fi ọ̀pá irin gún un títí yóò fi já. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló máa ń ṣe é, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun bá dúró ti ìgbálẹ̀, ìyàwó òun á mú òun fi gbálẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àjà náà já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó rì dé ìbàdí. Wọ́n fà á yọ. Ó jókòó sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó tò ó sẹ́nu géètì, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé. Kò padà wá mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹ̀gbọ́n mi wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ọkọ mi jókòó síta, ó ń rán sálúbàtà ọmọ wa tó já. Ó dìde, ó kí i, ó fún un ní àga tó ń jókòó lé.

“Àna mi,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, “irin pẹlẹbẹ kan ti ṣí nínú àká kejì. Òun ni lẹ́búlẹ́bú ń gúnlẹ̀ sí tó fi ń dí. Tí o bá lè bá mi jó o mọ́ ògiri padà, ọ̀rọ̀ parí.”

“Wọ́n á kọ́kọ́ tú ohun tó wà nínú ẹ̀ dà, sà?”

“Tá a bá ní ká tú u dà, iṣẹ́ á dúró. Máníjà ò ní gbà. Okùn á wà nídìí ẹ. Èmi fúnra mi ni màá dì í mú.”

Ọkọ mi ń yí sálúbàtà náà lọ́wọ́. “Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé o gbọ́ ni àbí o gbà?”

“Mo gbọ́, sà.”

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ká gbọ́, ọ̀tọ̀ ni ká gbà. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká, ó ní kò sí wàhálà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

“Ẹ sọ fún un pé ẹ ò lọ,” ni mo wí.

“Ta ni kí n sọ fún? Ṣé ẹni tó fi ẹ́ fún mi?”

“Èmi á bá a sọ ọ́.”

“Kí wọ́n lè sọ pé ìyàwó ló ń bá mi la ẹnu.” Ó gbé sálúbàtà náà sílẹ̀. “Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò sì lè sọ pé ohun báyìí ló fà á. Mo ti gun ibi tó ga ju ìyẹn lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fa Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde, mo wo ojú ẹ̀.” Ó tún mú sálúbàtà náà, ó ń bá rírán rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, òjò dá, oòrùn sì mú. Iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ àwa tó ń rán àpò, torí nǹkan kan ò bọ́ láti àárọ̀. A wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì, a ń wòkè. Máníjà náà jáde, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ọkọ mi gun àkàsọ̀ lọ sókè àká pẹ̀lú okùn nídìí, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé e. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu ihò tí wọ́n ń gbà wọlé lókè, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó mú ẹyọ òkúta kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó jù ú sínú, ó sì tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló gba ibi tó gbà gòkè sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi náà sì bá a sọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ni ọkọ mi wí. “Mi ò lè wọ ibẹ̀.”

“Kí lo rí?”

“Mi ò rí nǹkan kan. Ó dákẹ́ jù.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Gbogbo wa gbọ́ ọ, ọkọ mi náà gbọ́. Máníjà ní, “Fọ́máànù, ṣé kò sí ẹlòmíràn ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi wo àwọn ọkùnrin tó dúró yí i ká. Àwọn yẹn ń wo bàtà wọn. Ó wá tú okùn kúrò nídìí ọkọ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ó mọ́ tirẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ.”

“Ẹ jẹ́ kó dọ̀la, kára àwọn èèyàn lè balẹ̀.”

“Ọ̀la náà á ní tiẹ̀. Ǹjẹ́ o rí i rí kí n dáwọ́ lé nǹkan kí n má ṣe é yanjú?” Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Nínú gbogbo ojú rẹ̀ tó funfun, eyín rẹ̀ nìkan ló ní àwọ̀ èèyàn.

Ọkọ mi tẹ̀lé e lẹ́yìn. “Ẹ jẹ́ kí n di okùn náà mú, sà.” Ẹ̀gbọ́n mi na ìdí okùn sí i. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì í ni, tàbí ńṣe ló fi ń bú u.

Àwọn méjèèjì gòkè, ẹ̀gbọ́n mi sì wọ inú àká. A gbọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá irin gún àjà náà. Gbì. Gbì. Lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ rọ́ bọ́ lábẹ́, àwọn obìnrin kan pàtẹ́wọ́. Ó tún gún un. Ó wá dáwọ́ dúró, bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n pe òun. Ohun tó tẹ̀lé e, mi ò rí orúkọ fún un. Kò dún bí ohun tó wó, ó dún bí ẹran ńlá kan tó mí kanlẹ̀. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Eruku funfun tú jáde lókè àká, ó bo oòrùn.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀ díẹ̀, mo rí ọkọ mi tó nà gbalaja lẹ́nu ihò, okùn lọ́wọ́ rẹ̀ le bí igi. Àwọn ọkùnrin sáré gòkè lọ bá a, wọ́n jọ fà á. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde láti inú irin, ó jìnnà bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga. “Ẹ má fà mí mọ́. Ẹ ó ya mí sí méjì.” Ó ti rì dé àyà. Èyí tó kù lára ògiri sì ń rọ́ lù ú díẹ̀díẹ̀. Bí àwọn tó wà lókè ṣe ń sọ ọ́ fún wa nìyẹn: ó ti dé èjìká, ó ti dé ọrùn, ọwọ́ kan ló wà lókè, ọwọ́ tó fi di ọ̀pá mú.

Máníjà ń pariwo sínú fóònù. Wọ́n ní àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí ti ń bọ̀, ọ̀nà wọn ló jìn. Ọkọ mi fi okùn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ má fà á, ẹ má sì jẹ́ kó dẹ̀.” Ó yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ bí ẹni tó já bọ́, ó fa sílíńdà gáàsì àti ohun tó fi ń gé irin wá sídìí àká.

“Kí lo fẹ́ ṣe?” ni máníjà bi í.

“Mo fẹ́ la ikùn ẹ̀.”

“Tí o bá gé e, kò ní lè gbé ara ẹ̀ dúró mọ́. Gbogbo ẹ̀ lè wó lé wa lórí.”

“Òótọ́ lẹ sọ,” ni ọkọ mi dáhùn, ó sì tan iná sí i.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó fi òòlù gbá ògiri àká. Ó ké sí àwọn tó wà lókè pé kí wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá gbá irin. A dákẹ́. Ìró kékeré kan dáhùn láti inú. Ọkọ mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin, ó ń wá ibi tó ti dún, ó tún gbá a, ìró náà tún dáhùn. Nígbà tó dá a lójú pé òun ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi pin sí, ó gbé ọwọ́ wá sísàlẹ̀ ibẹ̀ dáadáa, ó sì fi iná sí i.

Lẹ́búlẹ́bú tú jáde bí omi. Ó bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dé orúnkún, kò kúrò. Èmi ni mo kọ́kọ́ mú ṣọ́bìrì, àwọn obìnrin yòókù dà bò mí, a ń fi ṣọ́bìrì kó o, a ń fi àpò kó o, a ń fi ọwọ́ wà á kúrò lára ọkọ mi kóun náà má baà rì níta gbangba. Ó gé ihò kejì sí òdì kejì. Irin náà ń ké lókè orí wa, ohùn gígùn kan tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sá. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń gbá irin nínú mọ́. Mo wo ọkọ mi. Ó ti mọ̀ ṣáájú mi. Ó ń gé ihò kẹta, omi ojú rẹ̀ ti la ojú ọ̀nà sínú ẹfun tó wà lójú rẹ̀.

“Àyà ẹ̀ ti yọ!” ni ẹnì kan ké láti òkè.

Nígbà tí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí. Ìyẹn nìkan ló kù tó lè ṣe. Ògúlùtu tó já lù ú ti ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn dókítà fọ lẹ́búlẹ́bú kúrò lọ́fun rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní èyí tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló máa wà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń sùn tì í ní ọsibítù. Bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ kejì, ó kí mi dáadáa, ó fún mi lága.

“Ṣé ọkọ yín ti jẹun lónìí?”

Mo ní ó ti jẹun.

“Ó dáa. Ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sídìí oúnjẹ.”

Gbogbo ìgbà tí ọkọ mi bá wá, ìta ló máa ń dúró sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nígbà tí ohùn ẹ̀gbọ́n mi padà díẹ̀, tí kò ju èémí lọ, òun ló ní kí n pè é wọlé.

“Òkúta tó o jù sínú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sinmi, “ṣé o gbọ́ kó balẹ̀?”

“Rárá, sà.”

“Èmi náà ò gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn ẹ ni mo wà. Kí n tó so okùn ni mo ti mọ̀ pé àjà náà ò lè gba èèyàn dúró.”

Ọkọ mi kúnlẹ̀ ti ibùsùn. “Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi wọlé, ẹ̀gbọ́n?”

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè. “Ojú yín ni. Ojú tẹ́ ẹ fi ń wò mí ló tì mí wọ ibẹ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ dúró nídìí fèrèsé, ó ń ká aṣọ. Ó gbọ́. Láti ọjọ́ náà kò bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ ìjà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bá a sọ ti ìfẹ́.

Ilé-iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọkọ mi pé kó wá jó àwọn ihò àká pa. Kò lọ. Wọ́n pe àwọn jórinjórin míì láti ìta, wọ́n fi irin tuntun lẹ̀ ẹ́, àwọn ẹ̀rọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ọkọ mi ń jó géètì àti fèrèsé lẹ́bàá títì báyìí. Èmi náà fi ibẹ̀ sílẹ̀, mo ń rán aṣọ ọmọ ilé-ìwé. A kó lọ sílé tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, ká lè máa ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbé e dìde. Ọkọ mi ló ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí fèrè ilé-iṣẹ́ bá dún, ẹ̀gbọ́n mi á yíjú sí ògiri títí yóò fi dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọkùnrin kan tóun àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá ní ẹ̀yìnkùlé wa wá kí i. Ó mú ọsàn wá. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kíra wọn tán, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń wá èèyàn nílé-iṣẹ́ òkúta, pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń tà níbẹ̀, kó jọ̀ọ́ bá òun dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Mo rò pé ohun tó máa ń sọ ló máa sọ. Ó ní, “Fa àga sún mọ́ mi, torí ohùn mi ò lọ jìnnà.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti orí irin tí wọ́n tú kúrò lára bẹ́líìtì, ó sọ ti apá Bàbá Onígbàálẹ̀, ó sọ bí àjà ṣe ń dì sínú àká, ó sọ ohun tí etí ń gbọ́ nígbà tí lẹ́búlẹ́bú bá dé ọrùn. Ó ń wúkọ́, ó ń sinmi, ó ń bá a lọ. Ó ṣí aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí ọkùnrin náà fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin náà fọwọ́ kàn án. Omi lé sí i lójú. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run ló ní kóun wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé. Ọkùnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá pẹ̀lú àkòtò iṣẹ́ tuntun lábíyá, ìyàwó rẹ̀ ń bá a nu ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀. Ó kí mi ẹ káàárọ̀. Mo ní, “Káàárọ̀ o.” Ó mú ọ̀nà ilé-iṣẹ́ pọ̀n, ó sì ń yára, nítorí pé wọn kì í fẹ́ kí èèyàn pẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.